Ìtají pọ̀ nínú àyẹ̀wò oorun alẹ́: àìsàn ni àbí ariwo àdúgbò?

Olùṣọ́Òru:

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú ìṣọ́ o. Yàrá kan ṣoṣo la fi ń ṣe àyẹ̀wò oorun níbi tiwa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, fèrèsé gíláàsì tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi sí i, ó sì kọjú sí títì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń ṣe ìṣọ́ òru ní Fúráìdé wà lẹ́yìn ọgbà, mọ́ṣáláṣí wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní nǹkan bíi mítà 8 sí ògiri yàrá náà. Gbogbo wáyà là ń so: ti orí, ti ẹ̀gbẹ́ ojú, ti àgbọ̀n, ti àyà, ti ẹsẹ̀ méjèèjì, kánúlà nímú (ọ̀pá kékeré tó ń wo ìfúnpá èémí), bẹ́líìtì àyà àti ti ikùn, ẹ̀rọ ọ́síjìn lórí ìka.

Àwọn ènìyàn ń sùn, ṣùgbọ́n oorun wọn máa ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹnì kan lè ní èémí dídúró àti èémí dídín 7 péré ní wákàtí kan, kí ìtají rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ta jí fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ 32. Irú èsì báyìí, a ò lè fi ránṣẹ́ sí dókítà láìṣàlàyé.

Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ya ìtají tí ariwo fà sọ́tọ̀ kúrò lára ti àìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, amúlétutù á kú, ìgbì orí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè fì sódò. N kì í mọ̀ bóyá oorun ìjìnlẹ̀ ni mò ń kà ni tàbí òógùn. Ọ̀gá wa sì tún ń sọ pé ká kúkú máa fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré gbé lọ sílé, pé ilé ẹni ni oorun ti ń dùn jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÀgbàYàrá:

Ẹ kú àìsùn, Olùṣọ́Òru. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì tíì pe káfíńtà. Ohun tó kù nínú ètò yín ni pé ariwo fúnra rẹ̀ ò sí lórí àkọsílẹ̀. Ẹ ń rí ọpọlọ, ẹ ń rí èémí, ẹ ń rí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ohun tó dún níta, àfọ̀ṣẹ lẹ̀ ń sọ.

Ẹ wá òṣùwọ̀n ariwo tó ní ihò tí àmì ń gbà jáde, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò DC (ihò tí àmì láti ara ẹ̀rọ mìíràn ń gbà wọlé) tó wà lára ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì. Yóò máa fa ìlà tirẹ̀ lọ lábẹ́ ìgbì ọpọlọ, lórí aago kan náà. Ẹ tò ó sí ìwọ̀n A, èyí tó ń wọn ariwo bí etí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ fi sí èyí tó yára. Ìtòsí ìrọ̀rí ni kí ẹ gbé e kọ́, bíi 50 sẹ̀ǹtímítà sí orí, kì í ṣe ẹ̀bá fèrèsé, torí ohun tí etí aláìsàn gbọ́ là ń wá. Bí owó ò bá sí, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ náà á ṣe é, bó bá ti wà ní ipò tí ìpè ò ti lè wọlé. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta níwájú kámẹ́rà kí ẹ tó paná, kí ẹ tún pa á láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tanná. Ti alẹ́ lẹ fi máa mú aago fóònù àti ti kọ̀ǹpútà bára mu, ti àárọ̀ lẹ fi máa mọ iye tí ọ̀kan fi yà kúrò lára èkejì láàárín òru.

Ó wá kan kíkà. Ìtají tí òfin AASM, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà, gbà ni kí ìgbì ọpọlọ yí padà lójijì sí irú ìgbì tí wọ́n ń pè ní alpha tàbí theta, tàbí èyí tó yára ju 16 Hz (ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ tí kì í ṣe spindle (ọ̀wọ́ ìgbì kúkúrú tó yára tí oorun fúnra rẹ̀ ń mú wá), fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 ó kéré tán, lẹ́yìn tí oorun ti dúró déédéé fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Nínú oorun àlá, iṣan àgbọ̀n gbọ́dọ̀ le pẹ̀lú fún ìṣẹ́jú-àáyá 1. Kí ẹ tó dá ariwo lẹ́bi, ẹ wo ohun tó ṣíwájú. Bí orí ìgbì kánúlà bá ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó rí roboto, tí ìsapá sì ń le sí i lójú bẹ́líìtì, ọ̀fun ló ń dí. Ti èémí ni ìtají yẹn, kódà bí ọ́síjìn ò bá já rárá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń kọjá láìwò, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé aláìsàn tají lásán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé díẹ̀ nínú 32 yín wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ta láàárín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sí ìtají, ti ẹsẹ̀ ni, bó bá ṣáà ti wà nínú ọ̀wọ́ mẹ́rin ó kéré tán, tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 90.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ máa wá gbé lọ síwájú ìlà ariwo. Ohùn tó dún lójijì sábà máa ń kọ́kọ́ bí K-complex: ìgbì ńlá kan tó gòkè ṣóńṣó tó sì já wálẹ̀, tó gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. K-complex nìkan kì í ṣe ìtají. Bí alpha ò bá tẹ̀lé e, ọpọlọ gbọ́, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ẹ má kàn máa sọ pé "ìtají yìí bọ́ sí ẹ̀yìn hóòǹ ọkọ̀, hóòǹ ló fà á." Ẹ ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká ní ariwo tó ju dB (dẹ̀síbẹ́lì, ìwọ̀n ariwo) 45 lọ dún nígbà 120 láàárín wákàtí 6 oorun. Bí ẹ bá fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600 nínú 21,600, ìyẹn 2.8 nínú 100. Ìtají 32 ní wákàtí kan jẹ́ 192 ní òru yẹn, nítorí náà bíi 5 nínú wọn á bọ́ sẹ́yìn ariwo láìjẹ́ pé ariwo ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá rí 6 tàbí 7, ẹ fi títì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí 50, ariwo ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ yọ 45 (50 yẹn láìka 5 tí kò kan ariwo) kúrò nínú 192, 147 ló kù, tó jẹ́ bíi 24 ní wákàtí kan, iye yìí sì ṣì pọ̀. Ìtají 10 sí 20 ní wákàtí kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ọjọ́ orí sì máa ń fi kún un. Ariwo lè jẹ̀bi kó má jẹ́ òun nìkan.

Ní ti yàrá: ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ní 1999 ni pé kí ariwo inú yàrá oorun má ju dB 30 lọ, kí èyí tó dún lójijì má ju 45 lọ. Ọwọ́ yín ò lè tó 30 nínú ìlú, ṣùgbọ́n ẹ lè lé àwọn òkè-òkè rẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dB 6 ló ń lọ níbi tí ògiri ò bá ti dá ohùn padà. Láti mítà 8 sí 32, dB 12 nìyẹn, wáyà gígùn àti iṣẹ́ bíríkìlà díẹ̀ lowó rẹ̀. Kọ́tìnnì ò lè dá ìró jẹnẹrétọ̀ dúró, bó ti wù kó nípọn tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín nítorí ìyẹn. Fèrèsé tí wọ́n ń fà kì í padé tán. Ààyè kékeré tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì ni ohùn ń gbà. Ẹ fi gíláàsì kejì tí kì í ṣí sínú, kí àlàfo tó wà láàárín òun àti ti ìta tó 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi rọ́bà dí etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà, abẹ́ ilẹ̀kùn.

Àwọn ohun tí ẹ ò lè dí, ẹ yẹra fún wọn. Fúráìdé ìṣọ́ òru kì í ṣe alẹ́ àyẹ̀wò. Ìpè Àsùbáà ní tirẹ̀ ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àsìkò yẹn gan-an sì ni oorun àlá pọ̀ jù, níbi tí èémí àwọn kan ti ń burú jù. Bí ẹ bá paná ní aago 11, ẹ ti fi oorun àlá tó dára jù sílẹ̀ fún gbohùngbohùn. Aago 9:30 ni kí ẹ paná. Nínú oṣù Ramadan, ajísààrì á ti máa lùlù láti bí aago 3, ẹ kọ ọ́ sínú èsì.

Wáyà_Kò_Já:

Ọ̀gá ti sọ ti ariwo. Ooru àti iná ni tèmi.

Ìgbì tó ń fì yẹn, òógùn ni. Iyọ̀ inú òógùn ń yí agbára iná tó wà láàárín awọ orí àti wáyà padà, ìlà á wá máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 4. Ewu rẹ̀ ni pé N3, ìyẹn oorun ìjìnlẹ̀, là ń kọ tí ìgbì 0.5 sí 2 Hz tó ga ju 75 µV (ìwọ̀n agbára iná ọpọlọ) lọ níwájú orí bá ti gba ìdá 20 nínú 100 ojú-ewé ìṣẹ́jú-àáyá 30. Èyí tó bá fì ní 0.5 Hz á bọ́ sínú ẹ̀ tán, ẹni tí ooru ò jẹ́ kó sùn á wá di ẹni tó sùn wọra lórí ìwé.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó fi sùn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ìlà tó ń lo M1 (wáyà ẹ̀yìn etí òsì) ló ń fì, tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ẹ̀yìn etí tó tẹ ìrọ̀rí ló lóógùn. Ẹ yí wọn sórí M2, ti etí ọ̀tún, iṣẹ́ bọ́tìnnì kan ni, ẹ ò ní wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ má sáré gbé fílítà ìsàlẹ̀ (èyí tó ń gé ìgbì tó lọ́ra kúrò) láti 0.3 sí 1 Hz o! Fífì náà á lọ lóòótọ́, ojúlówó oorun ìjìnlẹ̀ á sì bá a lọ.

Ẹ tún wo bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá jẹ́ fóòmù tí wọ́n fi rọ́bà wé bíi ti wọ́ọ̀dù, amúlétutù ò lè gbà yín. Òógùn ẹ̀yìn ò ní ibi tó máa gbà lọ. Ẹ tẹ́ kùbùsù òwú tó nípọn lé rọ́bà náà kí ẹ tó tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tàbí kí ẹ yọ rọ́bà náà kúrò bí aláìsàn ò bá jẹ́ ẹni tí ń tọ̀ sílé.

Ìwọ̀n ooru: 23 sí 25°C. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń sọ 18 sí 20, ṣùgbọ́n ẹni tí fáànù ló ń lò nílé á gbọ̀n nínú ìyẹn, ìka rẹ̀ á tutù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka tó bí ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣe fẹ́. Yàrá tó gbóná jù náà ní tirẹ̀: sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ooru mọ èémí ń wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín atẹ́gùn yàrá àti èyí tó jáde nímú, tí kì í ju bíi 34°C lọ. Nínú yàrá 32°C, ìyàtọ̀ ò sí mọ́, ìlà á tẹ́, ẹ ó sì máa rò pé èémí ti dúró. Kánúlà tó ń wo ìfúnpá kò ní ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi méjèèjì sí i. Fáànù kò burú, àmọ́ kó máa fẹ́ sí ẹsẹ̀ tàbí sí ògiri. Èyí tó bá dojú kọ imú á yí ìlà kánúlà padà, èyí tó bá ń mi wáyà á gbé ìgbì tirẹ̀ wọlé.

Nígbà tí a ti dárúkọ ìka: làálì dúdú lórí èékánná máa ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ ọ́síjìn jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dà èékánná tó ṣú. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wá. Bí ó bá sì ti fi sí gbogbo ọwọ́, ẹ wá ìka ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ irun náà wà níbẹ̀. Òróró irun kì í jẹ́ kí lẹ̀ẹ́ mú. Kí wọ́n fọ orí lọ́sàn-án, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i. Kọlẹ́sẹ̀ kì í yọ wá lẹ́nu, awọ orí hàn láàárín ìlà. Ṣùkú tí wọ́n fi irun mìíràn kún, tó sì jókòó sí àárín orí, wàhálà gidi ni fún C3 àti C4, àwọn wáyà àárín orí.

Ó kan iná. Ohun tó ń jí wọn kì í ṣe òkùnkùn tàbí ìmọ́lẹ̀ nìkan, ìyípadà ni. Sítébiláísà á dún kẹ́rẹ́, amúlétutù á ké pííì, fíríìjì ọ̀ọ̀dẹ̀ á gbọ̀n, àwọn ọmọ àdúgbò á sì pariwo "Ọ̀pù NẸ́PÀ!" Ẹ pa gbogbo súìtì tí ẹ ò ní lò kí iná tó ṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà àti fáànù sórí ínfátà láti ìgbà tí ẹ bá ti paná títí di òwúrọ̀, yálà iná wà tàbí kò sí. Ọ̀sán ni kí bátìrì máa gba iná. Ìṣirò rẹ̀: ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà bíi wáàtì 150, fáànù 75, wákàtí 8, ó jẹ́ 1,800 wáàtì-wákàtí. Bátìrì olómi 12V tó jẹ́ 200Ah ní 2,400 nínú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà, méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Amúlétutù ò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ fi amúlétutù mú yàrá tutù dáadáa láti aago 6 títí di 9, kí gíláàsì kejì tí ọ̀gá sọ bá yín pa á mọ́.

Ínfátà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ rí roboto bíi ti NẸ́PÀ, kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn. Ti ìkẹyìn yìí ń da ariwo sórí gbogbo ìlà. Bí ẹ bá rí 50 Hz, ìyẹn ìgbì iná ìlú, lórí ìlà, ẹ kọ́kọ́ wọn ìdènà wáyà orí, kò gbọ́dọ̀ ju 5 kΩ lọ. Fílítà tó ń yọ 50 Hz ló gbẹ̀yìn.

DókítàEtíÌmú:

Ọ̀rọ̀ ilé wá kù. Òótọ́ ọ̀gá yín ò ju ìlàjì lọ.

Àjèjì yàrá ń ba oorun alẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́, ìyẹn ti wà lákọsílẹ̀ láti 1966, nígbà tí Agnew, Webb àti Williams kọ ọ́: ìtají ń pọ̀, oorun àlá ń dín kù, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà fi hàn pé apá òsì ọpọlọ kì í sùn jinlẹ̀ tó apá ọ̀tún ní alẹ́ àkọ́kọ́ níbi tuntun, ó sì ń yára gbọ́ ohùn jù ú lọ. Nílé, ìyẹn á dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fẹ́ fún wọn kò ní wáyà orí. Kò mọ ìgbà tí ènìyàn sùn. Ó ń pín iye ìgbà tí èémí dúró sí gbogbo wákàtí tó fi gba àkọsílẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ dúró nígbà 60, tó gbé ẹ̀rọ wọ̀ fún wákàtí 8, á jáde pẹ̀lú 7.5: àìsàn tí kò le. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí 4 péré ló sùn nínú rẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì, ẹ̀fọn àti ọmọ tó ń ké, 15 ni tòótọ́, ó ti bọ́ sí ìpele kejì. Ariwo ilé kì í mú kí àìsàn pọ̀ lórí ìwé. Ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí èsì rẹ̀ láti ilé sọ pé kò sí nǹkan, tó sì ń hanrun, tó ń tòògbé nídìí ọkọ̀, ẹ má dá a padà sílé, ẹ mú un wá sí yàrá.

Nínú yàrá yín náà, àyíká lè fa èsì lọ sí ọ̀nà méjèèjì. Wáyà ń mú kí ènìyàn máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe nílé lọ, èémí á wá burú ju tòótọ́ lọ. Ìrọ̀rí mẹ́ta tàbí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè á mú kó dára ju tòótọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wá láti ilé, kí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹrẹsẹ, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tó fi sùn ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ẹ̀yìn pẹ̀lú iye ìgbà tí èémí dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oorun àlá bá kéré jọjọ tàbí tí kò fi ẹ̀yìn sùn rárá, èsì tó dára yẹn ò parí ọ̀rọ̀.

Fún àwọn tó bá gbé ẹ̀rọ lọ sílé: kí ẹ fún wọn ní ìwé kan láti kọ aago tó sùn, aago tó jí, aago tí jẹnẹrétọ̀ kú. Kí ó dá sùn, torí makirofóònù á gba ìhanrun ọkọ tàbí aya pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Kí ó lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dípò kó sun kọ́ìlì tàbí kó fín oògùn. Èéfín ń dí imú, ẹni tí imú rẹ̀ dí á fẹnu mí, kánúlà á sì sọ pé kò mí. Àkọsílẹ̀ tí kò bá ní wákàtí 4 tó mọ́, ẹ tún un ṣe.

Olùṣọ́Òru:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìṣirò 2.8 yẹn, màá fi wo àwọn àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀, fídíò wọn ní ohùn. Ìbéèrè kékeré méjì: ṣé a lè fún ẹni tí ariwo ń dà láàmú ní oògùn oorun? Àti pé àwọn kan ní kí a tan ohùn òjò láti fi bo ariwo mọ́lẹ̀.

ÀgbàYàrá:

Oògùn, rárá, àfi èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ nílé tí dókítà rẹ̀ mọ̀ sí. Àwọn oògùn ìdílé Valium ń dín ìgbì oorun ìjìnlẹ̀ kù, wọ́n ń fi kún spindle, wọ́n sì lè mú kí iṣan ọ̀fun rọ̀. Ẹ ó wá máa ka oògùn.

Ohùn òjò tàbí ìró fáànù tó dúró déédéé lè ṣèrànwọ́, torí ohun tí ọpọlọ ń dáhùn sí jù ni bí ohùn ṣe ta yọ sí ohun tó yí i ká. Bí inú yàrá bá wà ní dB 30, hóòǹ tó jẹ́ 50 á ta yọ pẹ̀lú 20. Bó bá wà ní 40, 10 péré ni. Ẹ má jẹ́ kó ju 40 lọ, kó wà látìgbà tí ẹ bá ti paná títí di òwúrọ̀ láìkú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú èsì. Makirofóònù ìhanrun á gbọ́ ọ, torí náà ẹ lẹ makirofóònù náà mọ́ ọrùn, kì í ṣe kí ẹ gbé e kọ́ ògiri.

Ẹ tún wo ara yín. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ ṣàmì sí gbogbo ìgbà tí ẹ ṣílẹ̀kùn wọlé. Bí wáyà F4 (iwájú orí lọ́tùn-ún) bá já tí F3 (ti òsì) ṣì dára, ẹ ò ní iṣẹ́ kankan nínú yàrá yẹn. Kánúlà tàbí ẹ̀rọ ọ́síjìn nìkan ló tó jí ènìyàn sí, ìyẹn náà, ẹ dúró kó yí ara padà kí ẹ tó wọlé. Kí ìbátan tó bá tẹ̀lé e wá sùn sí yàrá mìíràn, àyàfi bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé. Ẹ fi tépù dúdú bo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, ẹ fi gíríìsì sí ìdè ilẹ̀kùn, kí fóònù ẹni tó ń ṣọ́nà má sì máa dún ní ọ̀ọ̀dẹ̀.